Ìkòkò Adáṣiṣẹ́ tí ń Tọ́ Hóró Ara Ènìyàn

Ọ̀rọ̀ tí a sọ fún àwọn ọmọ Ẹgbẹ́ ní ìpàdé oṣooṣù

Ó ti di àṣà Ẹgbẹ́ wa láti máa sọ̀rọ̀ nípa oríkì, nípa ìtàn àwọn baba wa, àti nípa èdè wa tí a kò fẹ́ kí ó parun. Ohun tí a mú wá lónìí lè dà bí ẹni pé ó jìnnà sí wọn. Ẹ̀rọ kan ni, tí a fi ń tọ́ ohun alààyè tí ojú lásán kò lè rí, lẹ́yìn òde ara ènìyàn, nínú ìkòkò tí a dé pa, tí ó sì ń ṣọ́ ara rẹ̀ tọ̀sán-tòru. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò jìnnà rárá. Ó kan ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ wa, ó kan àpò wa, ó sì kan ipò tí ìran wa yóò wà láàárín àwọn ìran ayé.

Ohun tí a fẹ́ sọ kò pọ̀. Iṣẹ́ kan wà tí ó ti ń béèrè ilé ńlá, owó ńlá, àti ọwọ́ àwọn akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ tí kò wọ́pọ̀. Nísinsìnyí ẹ̀rọ ti kó púpọ̀ nínú iṣẹ́ náà sínú àpótí kan tí a lè gbé ka orí tábìlì ní ilé ìwòsàn. Ilẹ̀kùn kan ṣí níbẹ̀ fún àwọn ènìyàn tí kò ní ilé iṣẹ́ ńlá. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ti múra sílẹ̀ nìkan ni yóò lè gba ẹnu ọ̀nà náà wọlé.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ilé. Agbo ilé tí kò mọ àrùn tí à ń pè ní fòníkú-fọ̀ladìde ṣọ̀wọ́n ní ilẹ̀ Yorùbá. Ọmọ a máa ṣeré ní òwúrọ̀, nígbà tí ó bá di alẹ́ a máa ké pé egungun ń ro òun, ẹyinjú rẹ̀ a pọ́n, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ a gbẹ. Ọ̀pọ̀ oníṣègùn gbà pé àrùn yìí ni ó pa púpọ̀ nínú àwọn ọmọ tí àwọn baba wa pè ní àbíkú, tí wọ́n sọ ní Málọmọ́, Kòsọ́kọ́ àti Dúrójayé. Hóró ẹ̀jẹ̀ pupa, tí ó yẹ kí ó rí roboto, ni ó tẹ̀ bíi dòjé, tí ó sì ń há sínú ọ̀nà ẹ̀jẹ̀. Ní ilẹ̀ Nàìjíríà, bí ẹnì kan nínú mẹ́rin ni ó ń gbé àbùdá rẹ̀ kiri láìmọ̀ ọ́n lára. Àwọn ọmọ tí a sì ń bí pẹ̀lú àrùn náà fúnra rẹ̀ lọ́dọọdún tó bí 150,000. Kò sí orílẹ̀-èdè mìíràn ní ayé tí iye tirẹ̀ pọ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Ní oṣù November 2023, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fọwọ́ sí ìwòsàn kan fún àrùn yìí, tí a ń pè ní Casgevy. Ní oṣù December ọdún náà, Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i pẹ̀lú. Ẹni tí ó kọ́kọ́ gbà á ní Amẹ́ríkà fún àrùn fòníkú-fọ̀ladìde, ní 2019, ni Victoria Gray, obìnrin dúdú kan láti Mississippi. Ọ̀nà tí wọ́n gbà ṣe é nìyí. Wọ́n fa àwọn hóró tí ń bí ẹ̀jẹ̀ jáde láti ara aláìsàn, wọ́n kó wọn lọ sí ilé iṣẹ́, wọ́n sì ṣe àtúnṣe sí àbùdá wọn. Gbogbo wa ni a ní irú ẹ̀jẹ̀ kan nígbà tí a wà nínú ìyá wa, tí kì í tẹ̀ bíi dòjé. Lẹ́yìn ìbí, ara a sé orísun rẹ̀. Àtúnṣe náà ni ó tún orísun yìí ṣí. Lẹ́yìn èyí wọ́n dá àwọn hóró náà padà sí ara ẹni tí ó ni wọ́n.

Iye tí a dá lé ìwòsàn yìí ní Amẹ́ríkà ni 2,200,000 dọ́là fún ẹnì kan ṣoṣo. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi iye yìí wé owó tí olùkọ́, àgbẹ̀, tàbí oníṣòwò ní ìlú wa ń rí gbà ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀. Ìwòsàn àrùn tí ó pọ̀ jù lọ láàárín wa ti dé sí ayé, ṣùgbọ́n kò tí ì dé ọ̀dọ̀ wa.

Kí ni ó mú un wọ́n tó bẹ́ẹ̀? Owó ìwádìí ọlọ́dún gbọọrọ wà nínú rẹ̀, èrè àwọn oníṣòwò sì wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun kan tún wà tí ó tóbi. Oògùn ibà tí a bá ṣe lẹ́ẹ̀kan, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ni yóò lò ó. Ṣùgbọ́n oògùn tí a fi hóró ara Táyéwò ṣe, Táyéwò nìkan ni ó wà fún. Fún olúkúlùkù aláìsàn, a ní láti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lákọ̀tun, pẹ̀lú yàrá tirẹ̀, òṣìṣẹ́ tirẹ̀, àti àyẹ̀wò tirẹ̀. Níbi tí iṣẹ́ ọwọ́ bá ti pọ̀ báyìí, owó kò lè ṣàìpọ̀. Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ adáṣiṣẹ́ ti wọlé.

Ó tọ́ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí ẹ̀rọ náà ń tọ́. Bí a ti ń to bíríkì di ilé, bẹ́ẹ̀ ni a to hóró kéékèèké di ara ènìyàn. Sẹ́ẹ̀lì ni àwọn ọmọ ilé ìwé wa ń pè é. Ṣùgbọ́n bíríkì kò ní ẹ̀mí. Hóró ní ẹ̀mí. Ó ń jẹ, ó ń mí, ó ń da èérí sílẹ̀, ó ń pín sí méjì, ó sì ń kú. Nínú ara, ẹ̀jẹ̀ ni ó ń gbé oúnjẹ àti afẹ́fẹ́ tọ̀ ọ́ lọ, òun náà ni ó sì ń kó èérí rẹ̀ kúrò. Ara ń mú kí ó móoru ní ìwọ̀n 37 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Awọ ara ni odi tí ń dá ọ̀tá dúró. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí hóró wà láàyè lẹ́yìn òde ara gbọ́dọ̀ pèsè gbogbo nǹkan wọ̀nyí fún un: oúnjẹ, afẹ́fẹ́, ìmọ́tótó, ooru tí kì í yẹ̀, àti odi.

Àwọn ìyá wa mọ irú iṣẹ́ yìí ní ọ̀nà tiwọn. Ẹ wo ìkòkò aró. Ewé èlú àti omi eérú ni à ń rí nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe ewé àti omi nìkan ni ó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ohun alààyè tí ojú kò rí ni ó ń ṣiṣẹ́ tí èlú fi ń mu aṣọ. Nítorí náà ni ìyá aláró ṣe ń bo ìkòkò rẹ̀, tí ó ń gbọ́ òórùn rẹ̀, tí ó ń fi ahọ́n tọ́ ọ wò, tí kì í sì í jẹ́ kí aláìmọ̀kan tọwọ́ bọ̀ ọ́. Bí ó bá kánjú, aṣọ kò ní mu ún. Bí ó bá sì pẹ́ jù, aró a bàjẹ́. Ìmọ̀ rẹ̀ wà ní imú rẹ̀, ní ahọ́n rẹ̀, àti ní ìka ọwọ́ rẹ̀. Bí ó bá kú láìkọ́ ọmọ, ìmọ̀ náà bá a wọ ilẹ̀ lọ. Ẹ fi ìkòkò yìí sọ́kàn, nítorí a ó tún padà bá a.

Ní 1907, Ross Harrison ní Johns Hopkins, ilé ẹ̀kọ́ gíga kan ní ìlú Baltimore ní Amẹ́ríkà, mú ẹ̀yà tín-ín-rín lára ọmọ àkèré tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dá, ó sì fi í sínú ẹ̀kán omi ara kan. Ó rí i pé iṣan rẹ̀ ń yọ, ó ń gùn sí i, bí ẹni pé ó ṣì wà nínú ara. Báyìí ni ó fi hàn pé a lè tọ́ ẹran ara alààyè lẹ́yìn òde ara. Ní 1951, ní ilé ìwòsàn Johns Hopkins ní ìlú kan náà, wọ́n gé díẹ̀ lára kókó jẹjẹrẹ obìnrin dúdú kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Henrietta Lacks. George Gey tọ́ àwọn hóró náà, wọ́n sì ń pín sí méjì láìdáwọ́ dúró. Hóró ara tí kò ní àrùn kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ní 1961 Leonard Hayflick àti Paul Moorhead fi hàn pé a máa pín ní bí ìgbà 50, a sì dáwọ́ dúró. Ṣùgbọ́n ti Henrietta Lacks kò dúró títí di òní. Obìnrin náà fúnra rẹ̀ kú ní oṣù October ọdún 1951 náà, ní ẹni ọdún 31.

Ohun méjì ni kí a ṣàkíyèsí nínú ìtàn yìí. Èkínní ni pé ní Tuskegee, ilé ẹ̀kọ́ àwọn ènìyàn dúdú ní Alabama, tí Booker T. Washington kọ́kọ́ ṣe olórí rẹ̀, ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ láti 1953 sí tọ́ àwọn hóró wọ̀nyí ní ọ̀pọ̀ yanturu. Ọ̀dọ̀ wọn ni a ti ń kó wọn lọ káàkiri Amẹ́ríkà, láti fi dán agbára abẹ́rẹ́ àjẹsára rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ tí Jonas Salk ṣe wò. Ọwọ́ ènìyàn dúdú, lọ́kùnrin àti lóbìnrin, ni ó ṣe iṣẹ́ náà, ó sì ṣe é yanjú. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ fún wa pé iṣẹ́ yìí kì í ṣe ti ìran wa. Èkejì ni pé wọn kò béèrè lọ́wọ́ Henrietta Lacks kí wọ́n tó tọ́jú ẹ̀yà ara rẹ̀ fún ìwádìí. Àwọn ọmọ rẹ̀ kò mọ̀ títí di ọdún 1970 ó lé. Àwọn mìíràn sì ń fi hóró ìyá wọn ṣe òwò. Ní 2023 ni àwọn ajogún rẹ̀ tó bá ilé iṣẹ́ ńlá kan tí wọ́n pè lẹ́jọ́ parí ọ̀rọ̀. A ó rí ìwúlò ẹ̀kọ́ kejì yìí kí a tó dákẹ́.

Wàyí o, kí ni ó mú iṣẹ́ ọwọ́ náà nira? Ọ̀tá tí ojú kò rí ni. Afẹ́fẹ́ tí à ń mí kún fún kòkòrò kéékèèké; bẹ́ẹ̀ ni awọ wa, àti èémí ẹnu wa. Oúnjẹ tí a sè fún hóró ara ènìyàn, oúnjẹ aládùn ni fún wọn pẹ̀lú. Hóró ara ènìyàn a máa gba bí ọjọ́ kan kí ó tó pín sí méjì. Ṣùgbọ́n irú kòkòrò kan wà tí ó lè pín sí méjì láàárín 20 ìṣẹ́jú. Ẹ bá wa ṣírò rẹ̀: ẹyọ kan a di méjì, méjì a di mẹ́rin, nígbà tí wákàtí 8 yóò fi pé, ẹyọ kan ṣoṣo náà lè ti di mílíọ̀nù 16 ó lé, nígbà tí hóró tiwa kò tí ì pín lẹ́ẹ̀kan. Ìtọ́ kan tí ó ta sínú àwo ti tó láti ba iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ méjì jẹ́, àti ìrètí aláìsàn pẹ̀lú rẹ̀.

Nítorí èyí ni wọ́n ṣe ń kọ́ yàrá tí a ń yọ́ afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ mọ́ bí a ti ń fi asẹ́ yọ́ ògì. Òṣìṣẹ́ a wọ aṣọ láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀, a fi ìbòjú bo ẹnu, a fi ìbọ̀wọ́ bọ ọwọ́ ní ìlọ́po méjì. Kíkọ́ irú yàrá bẹ́ẹ̀ wọ́n, ìtọ́jú rẹ̀ lójoojúmọ́ sì tún wọ́n jù ú lọ. Bí ó ti wù kí ènìyàn mọ́ tó, ní gbogbo ìgbà tí a bá ṣí àwo láti fi oúnjẹ kún un, a ti ṣí ilẹ̀kùn fún ọ̀tá.

Ẹ̀rọ tí à ń sọ yìí wá yí ọ̀rọ̀ náà padà. Dípò kí a fọ gbogbo yàrá mọ́ nítorí àwo kan, a dé àwo náà pa, kí ó lè wà ní mímọ́ nínú ara rẹ̀. Àpò àti ọ̀pá rọ́bà tí a ti pa gbogbo kòkòrò inú wọn ni a fi so ohun gbogbo pọ̀. Bí a bá fẹ́ so àpò tuntun mọ́ ọn, ẹ̀rọ kékeré kan a fi ooru lẹ ojú ọ̀pá méjèèjì mọ́ra wọn, tí afẹ́fẹ́ òde kò fi ní ráyè wọlé. Ẹ̀jẹ̀ aláìsàn a wọlé láti apá kan, oògùn tí a ti ṣe parí a jáde láti apá kejì, ọwọ́ ènìyàn kò sì ní kan ohun tí ó wà láàárín.

A ó mú ọ̀kan nínú wọn ṣe àpẹẹrẹ, èyí tí wọ́n ń ṣe ní Jámánì, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ CliniMACS Prodigy. Orí tábìlì ni ó ń gbé. Ìkòkò roboto kan wà nínú rẹ̀ tí ó lè yí bíríbírí, kí ohun tí ó wúwo nínú ẹ̀jẹ̀ lè ya kúrò lára èyí tí ó fúyẹ́. Ó ní òòfà pẹ̀lú. A ti so irin tín-ín-tín, tí ó kéré ju erukuru lọ, mọ́ irú hóró tí à ń wá. Nígbà tí ẹ̀jẹ̀ bá ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ òòfà, òòfà a fa àwọn wọ̀nyí dúró, àwọn yòókù a ṣàn lọ. Lẹ́yìn náà, ìkòkò tí ó ti ń yí bíríbírí náà a di ibùgbé tí hóró ti ń dàgbà. Ẹ̀rọ a mú un móoru, a máa mì í jẹ́jẹ́, a fún un ní afẹ́fẹ́ ní ìwọ̀n tí ó yẹ, a bu oúnjẹ tí ó ti di èérí kúrò, a sì bu tuntun sí i. Kọ̀ǹpútà inú rẹ̀ a ṣe gbogbo rẹ̀ ní wákàtí tí a yàn, ìbáà ṣe òru, ìbáà ṣe ọjọ́ Ìsinmi, a sì kọ ohun tí ó ṣe sílẹ̀.

Àwọn ẹ̀rọ mìíràn gba ọ̀nà mìíràn. Ní 1972, Richard Knazek àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ronú sí bí ẹ̀jẹ̀ ti ń gba ojú ọ̀nà tín-ín-rín bọ́ ara, wọ́n sì tọ́ hóró sí ara fọ́nrán oníhò, tí oúnjẹ ń gba inú rẹ̀ ṣàn. Títí di òní ẹ̀rọ wà tí a kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún irú fọ́nrán bẹ́ẹ̀ sínú àgbá kékeré kan. Irú mìíràn sì jẹ́ àpò tí a tẹ́ sórí pẹpẹ tí ń fì síwá-sẹ́yìn, bí ìyá ti ń fi ọmọ lẹ́yìn kí ó lè sùn.

Ẹ jẹ́ kí a padà sí ìkòkò aró. Imú, ahọ́n, àti ìka ọwọ́ ni ìyá aláró fi ń mọ ohun tí ń ṣẹlẹ̀ nínú ìkòkò rẹ̀. Ohun tí ó rọ́pò wọn nínú ẹ̀rọ ni àwọn aṣọ́nà kéékèèké tí a rì sínú omi: ọ̀kan ń wọn ooru, ọ̀kan ń wọn bí omi náà ti kan tó, ọ̀kan ń wọn afẹ́fẹ́ inú rẹ̀. Bí hóró bá ti ń jẹun, omi náà a máa kan sí i; bí ó bá kan jù, ẹ̀rọ a mọ̀ kí ènìyàn tó mọ̀. Ìmọ̀ tí ì bá bá àgbà kan wọ ilẹ̀ lọ, a ti kọ ọ́ sílẹ̀ bí òfin, àwọn ẹlòmíràn sì lè tẹ̀ lé e ní ìlú mìíràn. Ní ti wa gẹ́gẹ́ bí olùkọ́, èyí ni ohun tí ó ga jù lọ nínú iṣẹ́ náà.

Kí ni wọ́n ti fi ṣe? Ní 2012, ní ìlú Philadelphia, àwọn oníṣègùn mú hóró ẹ̀jẹ̀ funfun, tí í ṣe ọmọ ogun ara, láti ara ọmọbìnrin kékeré kan, Emily Whitehead, tí jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ fẹ́ pa. Wọ́n fi fáírọ́ọ̀sì kan tí a ti gba oró lẹ́nu rẹ̀ gbé àṣẹ tuntun wọ inú àwọn hóró náà, kí wọ́n lè dá ọ̀tá mọ̀. Wọ́n tọ́ wọn kí wọ́n lè pọ̀ sí i, wọ́n sì dá wọn padà sí ara rẹ̀. Ọmọ náà yè, ó sì ti dàgbà di géńdé obìnrin. Nígbà tí ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí irú ìwòsàn yìí ní 2017, iye tí ilé iṣẹ́ dá lé e ni 475,000 dọ́là.

Nísinsìnyí, ẹ gbọ́ ohun tí àwọn ará Barcelona ní ilẹ̀ Sípéènì ṣe. Wọn kò jókòó máa retí ilé iṣẹ́ ńlá. Ọmọbìnrin kan wà níbẹ̀ tí jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ pa ní 2016, ní ẹni ọdún 18. Ìyá rẹ̀ kó owó jọ lọ́wọ́ àwọn ará ìlú, ẹni kan mú kékeré wá, ẹni kejì mú púpọ̀ wá, kí ilé ìwòsàn Hospital Clínic lè ṣe oògùn náà fúnra rẹ̀. Orúkọ ọmọ náà, Ari, ni wọ́n fi pe iṣẹ́ náà. Irú ẹ̀rọ tí a dé pa, tí a ti ṣàpèjúwe yìí gan-an, ni wọ́n lò nínú ilé ìwòsàn wọn, láàárín bí ọjọ́ 7 sí 10 fún aláìsàn kan. Ní 2021 ìjọba Sípéènì fọwọ́ sí i fún àwọn tí ó ti lé ní ẹni ọdún 25. Iye tí ó ń ná wọn kò tó ìdá kan nínú mẹ́ta iye tí àwọn ilé iṣẹ́ ńlá ń gbà. Àwọn ará Íńdíà pẹ̀lú gba ọ̀nà tiwọn. Ilé ẹ̀kọ́ gíga wọn àti ilé ìwòsàn jẹjẹrẹ wọn ní Mumbai fọwọ́ sowọ́ pọ̀, ní oṣù October 2023 ìjọba wọn sì fọwọ́ sí oògùn tí iye rẹ̀ tó bí ìdá kan nínú mẹ́wàá ti Amẹ́ríkà.

Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ àyà. Ohun tí àwọn ará Barcelona ṣe kò ṣàjèjì sí wa. Àwọn baba wa ló dá owó, tí wọ́n sì ru yanrìn, kí ilé ìwé àti ilé ìsìn tó dìde ní ọ̀pọ̀ ìlú wa, ní àkókò tí ìjọba kò rántí wa. Ẹ̀mí kan náà ni.

Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe jẹ́ kí a tan ara wa jẹ. Jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ ni oògùn Barcelona wà fún, kì í ṣe fòníkú-fọ̀ladìde. Iṣẹ́ ti fòníkú le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n ní láti fi oògùn líle fọ mùdùnmúdùn egungun aláìsàn kúrò kí wọ́n tó dá hóró rẹ̀ padà, oògùn náà sì lè mú kí ẹni náà yàgàn. Ẹ̀rọ nìkan kò lè sọ ìwòsàn di olówó pọ́ọ́kú pẹ̀lú, nítorí àpò àti ọ̀pá tí a lò fún ẹnì kan, a kì í lò ó fún ẹlòmíràn, òkèèrè ni a sì ti ń rà wọ́n. Adáṣiṣẹ́ ni à ń pè é, ṣùgbọ́n kò túmọ̀ sí pé kò fẹ́ ènìyàn. Ẹni tí yóò gbé e kalẹ̀, tí yóò ka ohun tí ó kọ, tí yóò yẹ oògùn wò kí ó tó wọ ara aláìsàn, ènìyàn ni, ó sì gbọ́dọ̀ mọ̀wé. Iná mànàmáná kò sì gbọdọ̀ kú. Ìkòkò tí ooru rẹ̀ bá lọ ti di ibojì hóró tí ó wà nínú rẹ̀.

Síbẹ̀, ọ̀nà náà ti là díẹ̀ ní ilẹ̀ yìí. Ní 2011, àwọn oníṣègùn ní ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ Yunifásítì ìlú Bìní fi mùdùnmúdùn egungun ẹlòmíràn wo ọmọdé kan tí ó ní fòníkú-fọ̀ladìde. Ẹni tí ó bá lè ṣe èyí ti mọ apá kan nínú iṣẹ́ tí à ń wí.

Kí wá ni kí Ẹgbẹ́ wa ṣe? A mú ìmọ̀ràn mẹ́rin wá.

Èkínní, ẹ jẹ́ kí a kọ́ ọmọ. Nígbà tí a bá ń dá owó ẹ̀kọ́, dókítà àti agbẹjọ́rò nìkan ni à ń rò. Iṣẹ́ yìí ń fẹ́ ẹni tí ó mọ ìtọ́jú hóró, ẹni tí ó mọ ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà, àti ẹni tí ó lè tún iná àti ẹ̀rọ amúǹkan-tutù ṣe. Bí Ẹgbẹ́ bá rán ọmọ mẹ́ta lọ sí irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ lónìí, nígbà tí ẹ̀rọ bá dé, a ó rí ẹni tí yóò gbà á lọ́wọ́ èrò ọkọ̀. Àìjẹ́bẹ́ẹ̀, yóò di ohun tí eruku ń bò ní igun yàrá, bí a ti rí i tí ó ṣẹlẹ̀ sí ẹ̀rọ púpọ̀.

Èkejì, kí àwọn ìlú tí ó múlé ti ara wọn má ṣe bára wọn du ọlá nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ilé ìwòsàn kan tí iná rẹ̀ kì í kú, tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ pé, sàn fún ìlú mẹ́wàá ju ilé ìwòsàn mẹ́wàá tí ó ṣófo lọ. Ẹ̀yin ọba àti ìjòyè wa ni ẹ lè sọ èyí, kí a sì gbọ́.

Ẹ̀kẹta, ẹ jẹ́ kí a rántí Henrietta Lacks. Kí ẹnikẹ́ni tó gba ẹ̀jẹ̀ tàbí ẹ̀yà ara ọmọ wa fún ìwádìí, kí a ka ìwé àdéhùn sí i létí ní èdè Yorùbá tí ó yé e, kí a sọ fún un ohun tí a ó fi ṣe, ibi tí a ó gbé e lọ, àti ẹ̀tọ́ tí yóò ní nínú èrè rẹ̀. Iṣẹ́ èdè tí Ẹgbẹ́ wa ń ṣe kan ibí yìí gidigidi. Ẹni tí kò ní orúkọ fún ohun kan ní èdè rẹ̀ kò lè dúnàádúrà lórí rẹ̀. Hóró, àbùdá, mùdùnmúdùn: ọ̀rọ̀ wọ̀nyí wà lẹ́nu wa tẹ́lẹ̀, ẹ jẹ́ kí a fi wọ́n ṣiṣẹ́, kí a sì fi kọ́ àwọn olùkọ́ tí ń bọ̀.

Ẹ̀kẹrin kò ná wa ju owó kékeré lọ. Kí ọkùnrin àti obìnrin tó fẹ́ ara wọn, kí wọ́n mọ irú ẹ̀jẹ̀ tí ó wà lára àwọn méjèèjì. Púpọ̀ nínú àwọn ìjọ wa ń béèrè ìwé àyẹ̀wò yìí kí a tó so yìgì. Kí àwọn mọ́ṣáláṣí, àwọn baálé, àti àwọn ìyàwó ilé tí ń ṣe alárenà máa béèrè rẹ̀ pẹ̀lú, kí ìfẹ́ tó wọ̀ wọ́n lára. Ọmọ tí kò ní àrùn kò ní ẹ̀rọ kankan í dúró dè.

Ẹ̀yin àgbà wa, nígbà kan rí, a kó àwọn ọmọ wa lọ sí ẹ̀yìn òkun nínú ọkọ̀ ẹrú, wọ́n sì gbé àbùdá àrùn yìí lọ pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ wọn. Lára ọmọ ọmọ irú àwọn wọ̀nyí ní Amẹ́ríkà ni ìwòsàn ti kọ́kọ́ fara hàn. Ó yẹ kí ó padà wá sí ilé. Bí a kò bá múra, ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ wa yóò máa rin ìrìn-àjò lọ sí òkèèrè, yóò sì máa padà wá bí ọjà tí a kò lè rà. Bí a bá múra, ọjọ́ ń bọ̀ tí ìkòkò náà yóò máa ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn tiwa, tí ọmọ tiwa yóò máa ṣọ́ ọ, tí ìyá ọmọ kò sì ní sọ ọmọ rẹ̀ ní Málọmọ́ mọ́.

Kí Ọlọ́run, ẹni tí ó dá hóró àti ẹ̀mí inú rẹ̀, fún wa ní ọgbọ́n àti ọkàn kan.